Ẹ Ra Omi Kí Ẹ Tó Ra Ọ̀dà: Bí A Ṣe Ń Kun Irin Tó Máa Gbé Inú Omi Iyọ̀

Tí owó ọ̀dà bá ti pé lọ́wọ́ yín, ẹ yọ díẹ̀ nínú rẹ̀ kí ẹ fi pe táńkà omi. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í dùn létí ẹni tó ní báàjì. Alàájì kan tó ń fi báàjì kó yanrìn nínú ọ̀sà rí i pé omi ni mo kọ sókè pátápátá nínú ìwé owó iṣẹ́, ó ní, "Ọ̀gá, inú omi lọkọ̀ yìí ń gbé, omi náà lẹ tún fẹ́ kí n rà fún un?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Alàájì, omi tí kò níyọ̀.

Etí ọ̀sà Èkó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ọ̀dà: báàjì, páńtúùn, òpó jẹ́tì, àwọn ọkọ̀ onírin kéékèèké. Ẹni tó ní ọkọ̀ ni mò ń kọ èyí fún, àti ọmọ iṣẹ́ tó di búrọ́ṣì mú tí ọ̀gá rẹ̀ kì í ṣàlàyé fún.

Irin kò lè dógùn-ún láìsí omi àti ọ́síjìn. Ohun tí iyọ̀ ń ṣe níbẹ̀ ni pé ó ń jẹ́ kí iná mànàmáná kékeré rìn geere nínú omi láti ojú kan dé òmíràn lára irin kan náà, ojú tí iná náà ti ń kúrò lára irin ni irin ti ń tán. Lítà omi òkun kan ní iyọ̀ tó nǹkan bíi gíráàmù 35. Ti ọ̀sà Èkó kì í dúró sójú kan. Nígbà òjò, omi odò á ya wọ inú rẹ̀, iyọ̀ á dín kù. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, omi òkun á tún gba ẹnu Commodore Channel, ibi tí ọ̀sà ti pàdé òkun, wọlé. Nítorí náà, ẹni tí báàjì rẹ̀ wà ní Ẹ̀pẹ́ àti ẹni tí tirẹ̀ wà ní Àpápá kì í jọ bá ọ̀tá kan náà jà ní gbogbo oṣù.

Ẹ wo òpó jẹ́tì láti ìsàlẹ̀ dókè. Ibi tó rì sínú ẹrẹ̀ kì í tètè bàjẹ́, torí ọ́síjìn kò pọ̀ níbẹ̀. Ibi tó wà lábẹ́ omi ní gbogbo ìgbà, tí kò bá ní ọ̀dà, á máa jẹ ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà kan lọ́dún. Àmọ́ ibi tí ìgbì ń nà, tó ń rin tó tún ń gbẹ, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Bí omi ṣe ń gbẹ ni iyọ̀ ń ṣẹ́kù, ọ́síjìn pọ̀ rẹpẹtẹ, pàǹtírí àti igi tó léfòó tún ń gbá ọ̀dà kúrò. Irin níbẹ̀ lè jẹ ní ìlọ́po mẹ́ta ti ìsàlẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Báàjì tí wọ́n fà gun ilẹ̀, ìdí rẹ̀ lè ṣì le, kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní ojú ìlà omi ti máa bó ní abala abala. Tí owó kò bá tó láti ṣe gbogbo rẹ̀ dọ́ba, ojú ìlà omi yẹn ni kí ẹ kó owó sí.

Òróró, lẹ́yìn náà iyọ̀

Ẹ kọ́kọ́ yanjú òróró. Díísẹ́ẹ̀lì ti kán sára báàjì, gíríìsì ti kàn án, àwọn kan tilẹ̀ ń fi ọ́ọ̀lì ẹ́ńjìnnì tó ti dúdú pa á lára pé kó má baà dógùn-ún. Tí ẹ bá gbé ẹ̀rọ blasting (èyí tó ń fín èérún líle lu irin kí ìpẹtà lè bó) lé òróró, ńṣe lẹ ń gbá a wọnú irin. Ọṣẹ tó ń já òróró, búrọ́ṣì líle, omi púpọ̀. Lẹ́yìn náà ẹ da omi mímọ́ sí i. Tó bá ṣàn bo ojú irin láìya, ó ti mọ́. Tó bá ń kóra jọ ní ẹ̀kán ẹ̀kán, ẹ padà síbẹ̀. Ìkarahun wẹ́wẹ́ tó lẹ̀ mọ́ ìdí ọkọ̀, ẹ họ ọ́ lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá gun ilẹ̀, kó tó gbẹ. Tó bá gbẹ tán, apá ọmọ iṣẹ́ yín ló máa sọ fún yín.

Omi tí kò níyọ̀ ló kàn, kí ẹ fi ẹ̀rọ alágbára fín in, láti òkè wá sílẹ̀. Ẹ mọ irú omi tí ẹ ń lò o. Bóhóòlù ìtòsí òkun, pàápàá ní ìhà Lẹ́kì sí Àjà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni omi òkun ti wọ̀ lábẹ́ ilẹ̀. Ó lè mọ́ lójú kó sì níyọ̀. Mo ní ẹ̀rọ kékeré kan, kò ju bírò lọ, tí à ń tì bọnú omi kó lè sọ bí ohun tó yọ́ sínú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Àwọn tó ń ṣe omi inú ọ̀rá ń lò ó, kò sì wọ́n. Táńkà tí kò bá jẹ́ kí n ti ẹ̀rọ mi bọ omi rẹ̀, kó máa lọ.

Wọ́n pè mí lọ wo páńtúùn kan tí àwọn ẹlòmíràn kùn. Ọ̀dà olówó gọbọi ni, iṣẹ́ náà sì dán. Kò pé ọdún kan tí ara rẹ̀ fi wú ní róbótó róbótó. Mo fi ẹnu ọ̀bẹ la ọ̀kan nínú wọn: omi já jáde, irin abẹ́ rẹ̀ dúdú kirikiri, ojú wa níbẹ̀ ló sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n bí afẹ́fẹ́ ṣe kàn án. Omi bóhóòlù inú ọgbà wọn ni wọ́n fi fọ irin náà. Kò sí ọ̀dà tí omi kì í là kọjá díẹ̀díẹ̀. Tí kò bá sí nǹkan lábẹ́ rẹ̀, kò sí wàhálà. Tí iyọ̀ bá há síbẹ̀, iyọ̀ náà á máa fa omi mọ́ra, omi á kóra jọ, á sì ti ọ̀dà sókè.

Blasting

Wọ́n ń pè é ní sandblasting, àmọ́ ẹ má lo yanrìn. Ti etí òkun níyọ̀, èyí tó burú jù sì ni pé silica inú yanrìn ń wọ ẹ̀dọ̀fóró, kì í jáde mọ́, àrùn silicosis tó ń fà kò sì ní oògùn. Garnet (èérún òkúta líle) tàbí copper slag (ìdàrọ́ bàbà) ni kí ẹ rà. Ẹni tó di ihò ẹ̀rọ náà mú gbọ́dọ̀ dé akoto tí wọ́n ń fín afẹ́fẹ́ mímọ́ sí. Aṣọ tí àwọn ọmọ wa ń so mọ́ imú kò dí nǹkan kan. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí kọ̀mpírẹ́sọ̀ fẹ́ afẹ́fẹ́ lásán sára aṣọ funfun fún ìṣẹ́jú kan. Tí aṣọ bá rin tàbí tó ní àmì ọ́ọ̀lì, ẹ tún kọ̀mpírẹ́sọ̀ ṣe, torí ohun tó bá wà níbẹ̀ máa lọ sára irin.

Ojú irin tí ẹ ń wá ni èyí tí wọ́n ń kọ sórí ìwé ní Sa 2½: gbogbo ìpẹtà ti lọ, ọ̀dà àtijọ́ ti lọ, irin ti di eérú fífúyẹ́, kìkì òjìji àbàwọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ ló lè kù. Awọ dúdú tó ń bá irin tuntun wá láti ilé iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ lọ. Èmi àti àwọn wẹ́dà kì í rí ọ̀rọ̀ yìí bákan náà. Wọ́n ní awọ yẹn ń gba irin là. Nínú omi iyọ̀, ibi tó bá ti là ni irin tó fara hàn ti ń jẹ kíákíá, torí òun àti awọ náà á jọ di bátìrì. Ojú irin gbọ́dọ̀ rí ságisági, kí ọ̀dà lè rí ibi dì mú: máíkírónì 50 sí 75 ni mo ń fẹ́ (máíkírónì 1000 ló ń jẹ́ mìlímítà kan). Gíráńdà oníbúrọ́ṣì kò lè fún yín ní ìyẹn. Ó lè ṣe é fún dẹ́ẹ̀kì pẹ̀lú epoxy mastic (ọ̀dà alágolo méjì tó nípọn). Fún ìdí ọkọ̀, rárá, torí ó ń dán irin ni.

Tí blasting bá parí, ẹ má sáré kó ọ̀dà jáde. Ẹ kúnlẹ̀ kí ẹ wo inú àwọn ihò tí ìpẹtà ti gbẹ́. Nínú afẹ́fẹ́ Èkó, kì í pẹ́ rárá kí ihò tí iyọ̀ ṣì wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ tó ṣú, kó sì máa pọ́n, nígbà tí irin tó yí i ká ṣì funfun. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì yí i po. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ tún blast ojú ibẹ̀. Irin tó ti gbó lè ní kí ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Omi tí Alàájì ń bínú sí, ibí ló ń lọ. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ ńlá á fẹ́ rí nọ́ńbà: Bresle ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́, ìlẹ̀mọ́ kékeré tí à ń fi abẹ́rẹ́ fa omi sí nínú, tí à ń tún fà á jáde láti wo iyọ̀ rẹ̀. Ìlànà IMO (àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òkun) ti ọdún 2006 lórí táńkì ballast, ìyẹn táńkì omi tó ń mú ọkọ̀ òkun dúró déédéé, kò gbà kó ju mìlígíráàmù 50 lọ lórí mítà onígun mẹ́rin kan.

Etí irin

Ọ̀dà kì í dúró lórí etí tó mú. Bó ṣe tutù ló ń fà sẹ́yìn kúrò lórí ẹnu irin sí ojú rẹ̀ méjèèjì, ohun tó kù lórí ẹnu yẹn lè má tó ìdajì ibi yòókù. Ìdí nìyí tí ìpẹtà fi ń kọ́kọ́ yọ ní etí àti ojú ihò bóòtù. Kí blasting tó bẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ ti fi gíráńdà pa gbogbo etí, kó rí roboto tó mìlímítà 2 ní yíyí. Ibi tí wọ́n jó irin pọ̀, ẹ gé gbogbo ẹ̀gún rẹ̀, ẹ ṣá àwọn ẹ̀kán irin tó fọ́n ká kúrò, ẹ jó àwọn ihò rẹ̀ dí. Lẹ́yìn náà, kí ọ̀dà ìpele kọ̀ọ̀kan tó lọ sórí gbogbo irin, ẹ fi búrọ́ṣì ọwọ́ kun etí, ojú ibi tí wọ́n jó, orí bóòtù, ẹ̀yìn igun. Búrọ́ṣì ni o, kì í ṣe rólà. Ẹ tẹ irun rẹ̀ wọlé kí afẹ́fẹ́ inú ihò jáde. Iṣẹ́ yìí ni àwọn ọmọ iṣẹ́ kórìíra jù, òun náà ni mo fi ń mọ ẹni tó máa di ọ̀gá.

Ìrì

Ìrì ń ba iṣẹ́ wa jẹ́ ju òjò lọ, torí òjò, ẹ ó rí i. Irin tó sùn síta lóru máa ń tutù ju afẹ́fẹ́ lọ, ìrì á sẹ̀ sí i lára tíntín débi pé ojú kò ní rí i. Òfin tí gbogbo wa ń tẹ̀ lé ni pé irin gbọ́dọ̀ gbóná ju ìwọ̀n tí ìrì fi ń sẹ̀ lọ ní dígírì 3 ó kéré tán, kí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ má sì ju ìdá 85 nínú 100 lọ. Bí àpẹẹrẹ, tí afẹ́fẹ́ bá wà ní dígírì 30, tí ọ̀rinrin jẹ́ 85, ìrì máa sẹ̀ ní nǹkan bíi 27, nítorí náà irin tí kò bá tó 30, ẹ fi sílẹ̀. Témómítà tí à ń lẹ̀ mọ́ irin ń sọ ọ́ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ọ̀sán gangan náà ní tirẹ̀. Oòrùn lè jó dẹ́ẹ̀kì débi pé ẹ kò ní lè gbé ọwọ́ lé e. Tí ẹ bá kun ọ̀dà sórí rẹ̀, tínà inú rẹ̀ á hó, ojú ọ̀dà á di ihò abẹ́rẹ́. Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí oòrùn bá ti gbá irin díẹ̀ láàárọ̀, mo ń tẹ̀ lé òjìji yí ọkọ̀ ká, mo sì ń dáwọ́ dúró kí ọjọ́ tó rọ̀, torí ọ̀dà náà nílò wákàtí díẹ̀ kí ìrì alẹ́ tó bá a. Oṣù Kejìlá sí Èrèlé ló dára jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọyẹ́ ń da eruku lé ìpele tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ. Ẹ fi aṣọ mímọ́ nù ún kí òmíràn tó lọ sórí rẹ̀.

Pípo ọ̀dà

Agolo méjì ni epoxy. Ìwọ̀n wà lára rẹ̀, 4 sí 1 tàbí 3 sí 1, ẹ má fojú díwọ̀n. Ẹni tó bá fẹ́ lo ìdajì agolo, kó fi ife wọ̀n ọ́n; èyí tó sàn jù ni kí ẹ po agolo odidi méjèèjì pọ̀. Tí hardener (agolo kejì tó ń mú ọ̀dà le) bá dín, ọ̀dà náà kò ní le láéláé, tínà púpọ̀ kò sì lè tún un ṣe. Ẹ fi ẹ̀rọ rò ó, kí ẹ fi igi ha ìdí àti ẹ̀gbẹ́ agolo. Wákàtí tí wọ́n kọ pé ó lè lò kó tó le, dígírì 20 ni wọ́n sábà fi ń wọ̀n ọ́n. Nínú ooru tiwa, ẹ má retí ju ìdajì rẹ̀ lọ. Ẹ gbé agolo sábẹ́ òjìji. Èyí tó bá ti ń gbóná lọ́wọ́ yín, ẹ dà á nù, ẹ má fi tínà là á.

Fún ibi tó máa wà lábẹ́ omi, epoxy ìpele méjì tàbí mẹ́ta, kí gbogbo rẹ̀ tó máíkírónì 400 sí 500 nígbà tó bá gbẹ. Fún ojú ìlà omi, epoxy tó ní glass flake, máíkírónì 600 lọ sókè: gíláàsì wẹ́wẹ́ pẹlẹbẹ inú rẹ̀ máa ń sùn léra wọn, omi á ní láti yí wọn po kó tó dé ara irin. Fún dẹ́ẹ̀kì àti ohun gbogbo tó wà lókè, primer (ọ̀dà ìpele àkọ́kọ́) tó kún fún zinc, bíi máíkírónì 60 sí 75, lẹ́yìn náà epoxy, kí polyurethane (ọ̀dà òkè tó ń fara da oòrùn) wá bò ó, nítorí oòrùn ń sọ ojú epoxy di ẹfun. Primer zinc ń ṣiṣẹ́ nítorí pé lúbúlúbú zinc inú rẹ̀ fara kan irin gan-an, zinc á sì máa kú dípò irin. Ẹni tó bá kùn ún lórí ìpẹtà tàbí lórí ọ̀dà àtijọ́ ti sọ owó rẹ̀ sínú ọ̀sà. Ọ̀dà dúdú tó ní tar, àwọn àgbà wa fẹ́ràn rẹ̀, ó sì pẹ́ lára irin lóòótọ́, àmọ́ àwọn èròjà kan wà nínú tar náà tó ń fa jẹjẹrẹ. Èmi ti fi í sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí àwọ̀ ìpele kọ̀ọ̀kan yàtọ̀, kí ojú lè rí ibi tí ọwọ́ fò. Ẹ ra òòyà kékeré onírin tí à ń tẹ̀ mọ́ ọ̀dà tútù láti wo bó ṣe nípọn tó. Tí ìwé ọ̀dà bá ní ohun tó ń ṣẹ́kù lẹ́yìn gbígbẹ jẹ́ ìdá 80 nínú 100, máíkírónì 250 tútù á gbẹ sí 200, lítà kan á sì bo mítà onígun mẹ́rin 4. Ìyẹn lórí ìwé. Afẹ́fẹ́ etí omi ní ìpín tirẹ̀, garawa àti rólà náà ní tiwọn. Tí ẹ bá ń fi ẹ̀rọ fín in, ẹ ro ìdá 30 sí òfò: mítà 100 tó yẹ kó gba lítà 25 á gba bíi 36.

Epoxy tó gbẹ lóru tí ọ̀rinrin pọ̀ máa ń làágùn ohun kan tó ń yọ̀, tó ń lẹ̀ díẹ̀ mọ́ ọwọ́. Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ kúrò, àìṣe bẹ́ẹ̀ ìpele tó kàn á bó bí awọ. Ẹ ka iye ọjọ́ tó pọ̀ jù tí ìpele kan lè dúró de èkejì. Tó bá ti kọjá, ẹ fi sáńdípépà ha gbogbo rẹ̀.

Nínú táńkì báàjì, èéfín tínà wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ìsàlẹ̀ tí ènìyàn ń tẹ̀ sí ló ń jókòó sí, ó sì ń pa ènìyàn. Ẹ gbé fáànù tó ń fa afẹ́fẹ́ láti ìdí táńkì jáde síbẹ̀, kí okùn wà lára ẹni tó wọlé, kí ẹnì kan jókòó sí ẹnu ihò tí kò ní kúrò níbẹ̀ fún ohunkóhun. Hardener polyurethane ń fa ikọ́ fée tí kì í lọ mọ́. Ẹni tó ń fín in gbọ́dọ̀ lo ìbòmú tí wọ́n ń fín afẹ́fẹ́ mímọ́ sí.

Kó tó wọ omi

Ọ̀dà tó ń lé ìkarahun sá sábà máa ń ní bàbà nínú. Epoxy gbọ́dọ̀ wà láàárín òun àti irin láìsí ihò kankan, torí tí bàbà àti irin bá pàdé nínú omi iyọ̀, irin ló ń kú. Èyí tó ní tributyltin (oró tó ń pa ohun abẹ̀mí inú omi) ti di èèwọ̀ káàkiri ayé láti 2008 lábẹ́ àdéhùn IMO. Tí ẹnikẹ́ni bá fi agolo àtijọ́ rẹ̀ lọ̀ yín, ẹ má gbà á.

Lẹ́yìn náà ni zinc, àwọn búlọ́ọ̀kù tí à ń jó tàbí tí à ń fi bóòtù dè mọ́ ìdí ọkọ̀. Ọgbọ́n yìí ti pẹ́: ní 1824, Humphry Davy, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Gẹ̀ẹ́sì, de irin àti zinc mọ́ awọ bàbà tó wà nídìí àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì. Bàbà náà kò jẹ mọ́ lóòótọ́, àmọ́ nítorí pé kò yọ́ sínú omi mọ́, kò sí ohun tó ń lé ewéko àti ìkarahun, wọ́n bá hù bo ìdí ọkọ̀, ọkọ̀ kò sáré mọ́. Ìyẹn kì í ṣe ìṣòro tiwa. Tiwa ni pé àwọn ọmọ iṣẹ́ máa ń kun ọ̀dà bo búlọ́ọ̀kù náà. Tí ọ̀dà bá bò ó, ẹrù lásán ló dà. Ẹ fi téèpù bò ó kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ̀yin fúnra yín sì ṣí i. Fún ọkọ̀ tó ń pẹ́ nínú omi tí iyọ̀ rẹ̀ kò pọ̀, ti alumíníọ̀mù dára ju zinc lọ. Kò sí èyí nínú wọn tó ń dáàbò bo ojú ìlà omi nígbà tí omi kò bá sí níbẹ̀. Ọ̀dà nìkan ló wà fún un.

Òpó jẹ́tì tí a kò lè fà jáde, ẹ má kun ọ̀dà lásán sí i lárin ìgbì. Ẹ ha ìkarahun àti ìpẹtà kúrò, kí ẹ wé e ní téèpù tó kún fún petrolatum (ohun yíyọ̀ bíi vaseline) láti ìsàlẹ̀ ibi tí omi ń fà dé dókè ibi tí ìgbì ń nà dé, kí ẹ wá fi agbádá ike líle dì í. Irú téèpù bẹ́ẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ irin tútù.

Wẹ́dà ló kù. Tó bá fẹ́ jó nǹkan lórí báàjì tó ti wà nínú omi, kó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sórí báàjì náà, kó sì de wáyà earth mọ́ irin báàjì náà gan-an, nítòsí ibi tó ń jó. Tí wáyà yẹn bá wà lórí jẹ́tì tàbí lára ọkọ̀ ẹlòmíràn, iná ẹ̀rọ rẹ̀ á gba inú omi padà sílé, gbogbo ojú kékeré tí ọ̀dà ti fò ló máa gbà jáde, yóò sì gbẹ́ irin níbẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan.